Àwúsá Tí Kò Rí Onídùúró

Ẹni tó bá ti jẹ àwúsá rí mọ̀ pé téèyàn bá mu omi lé e lórí, omi ọ̀hún á korò bí ewúro. Omi ò ṣẹ̀, àwúsá náà ò ṣẹ̀. Ẹnu tí kò lè ní sùúrù ló kó àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹ fi ìyẹn sábẹ́ ahọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Òkè-Ìyeyè.

Òkè-Ìyeyè ò tóbi. Téèyàn bá gun ọ̀kadà láti Arandun tó ń lọ sí Rore, tí kò bá tètè fọwọ́ kan ọlọ́kadà léjìká, wọ́n á ti kọjá ẹ̀. Àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n bí ọkùnrin kan sí tó jẹ́ pé orúkọ ẹ̀ gùn ju abúlé náà lọ: Ọ̀nọ́rébù Díákónì Olóyè Timothy Awóyẹmí, Olùdámọ̀ràn Pàtàkì fún Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ lórí Èso Igi, Ewé Igi, àti Gbogbo Nǹkan Yòókù Tó Bá Jọ Igi. Tí wọ́n bá fẹ́ pè é síwájú níbi ìpàdé, ẹni tó máa pè é á kọ́kọ́ mumi.

Ọ̀nọ́rébù kì í fọwọ́ ara ẹ̀ ṣílẹ̀kùn mọ́tò. Jímọ́ọ̀ dírẹ́bà ló ń ṣí i fún un. Lọ́jọ́ kan Jímọ́ọ̀ páàkì síwájú ilé, ó gbọ́ tí wọ́n ń pèrun, ó gbàgbé ọ̀gá ẹ̀, ó gba mọ́sálásí lọ. Ọ̀nọ́rébù jókòó sẹ́yìn mọ́tò. Oòrùn ń pa á, òógùn ń ṣàn nínú agbádá bí odò, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ti ilẹ̀kùn náà pa. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi kírun tán. Nígbà tí Jímọ́ọ̀ sáré dé tó ń bẹ̀bẹ̀, Ọ̀nọ́rébù ní òun ń ronú lórí ọ̀rọ̀ ìlú ni. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹni tó lè jókòó sínú ààrò torí pé kò rẹ́ni ṣílẹ̀kùn fún un, kí lẹ rò pé ó máa ṣe tí ọ̀rọ̀ ńlá bá dé?

Òfin tó kọ́kọ́ ṣe nígbà tó dépò dá lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó pe àwọn èèyàn ẹ̀ jọ sí pálọ̀, ó dìde, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Mo ti ṣèwádìí," ó ní. "Gbogbo iṣẹ́ tí kò yanjú nílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n fẹ́ la títì, ẹnì kan sọ pé ṣùgbọ́n. Wọ́n fẹ́ fa omi, ẹnì kan sọ pé ṣùgbọ́n. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ṣùgbọ́n níbi tí mo bá wà. Àmọ́ náà wà nínú ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Láńre ló kọ́kọ́ dáhùn. Òun ni agbẹnusọ Ọ̀nọ́rébù, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń mirí kó tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

"Kò tán síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi, tó bá ti jáde, kì í padà. Ẹ ti rí ìbọn tó ń pe ọta ẹ̀ padà rí?"

"A ò rí i rí, sà," Hussainat, olórí àwọn obìnrin, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ọta ò mọ̀nà ilé, sà."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ní Àṣẹ-má-yí nìyẹn. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn mọ́tò.

Àwúsá kan wà lẹ́yìnkùlé bàbá ẹ̀. Àwúsá ò kúkú ń dá dúró, ìtàkùn ni. Èyí gun igi ìyeyè kan, ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìdí ẹ̀ nípọn bí itan àgbàlagbà, ewé ẹ̀ bo igi tó gùn bí ìgbà téèyàn da aṣọ bò ó. Ìyá Ọ̀nọ́rébù, Màmá Ọláìyá, ló gbìn ín lọ́dún tó wọlé ọkọ. Tójò bá ti ń rọ̀ dáadáa, àwúsá á máa jábọ́ sórí ewé gbígbẹ, pò, pò, màmá á sì máa ṣà á sínú apẹ̀rẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti tú ká. Ó máa ń sọ pé pò, pò yẹn lòun fi ń mọ̀ pé òun ò dá gbélé.

Ọjọ́ ti wá ń gorí ọjọ́, àwúsá ọ̀hún ò fi bẹ́ẹ̀ so mọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni ìròyìn dé láti Ìlọrin pé ààyè kan fẹ́ ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Kọmíṣọ́nnà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ààyè tó ní ọ́fíìsì tútù àti mọ́tò dúdú. Kọmíṣọ́nnà ní tójò bá dé, òun ń bọ̀ wá wo àgbà àwúsá tí wọ́n tún ṣe títí tó fi ń so ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní in, ó máa bá òun lọ Ìlọrin. Alága pe Ọ̀nọ́rébù.

"Timothy, ṣé o ní in?"

"Mo ní in, sà."

"Ṣé ó ń so?"

"Ó máa so, sà. Mo ti pàṣẹ fún un."

Ó dá kọmití sílẹ̀. Kọmití kun ẹsẹ̀ igi ìyeyè ní ọ̀dà funfun. Wọ́n gbé pátákó ńlá tí àwòrán Ọ̀nọ́rébù wà lára ẹ̀ kọ́ sí i, tó fi jẹ́ pé oòrùn ò rí ewé mọ́, àwòrán ló kù tó ń yáàrùn. Ọ̀nọ́rébù ní kí wọ́n da odidi àpò ajílẹ̀ òyìnbó sí i nídìí lẹ́ẹ̀kan náà, pé èèyàn kì í fi ṣíbí bọ́ erin. Kò pẹ́, ewé àwúsá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

"Sà," Láńre ní, "ewé ti ń pọ́n. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Tí ewé bá lè pọ́n báyìí, ẹ wo bí èso ṣe máa rí."

Màmá Ọláìyá ló gbé ṣọ́bìrì jáde. "Tìmó, ta ló da iyọ̀ sídìí àwúsá mi?"

"Màmá, kì í ṣe iyọ̀. Ajílẹ̀ ni."

"Ajílẹ̀ tó pọ̀ tó báyìí, ìsìnkú ni." Ó kó o dànù, ó bu eérú àdògán dípò ẹ̀. Ó wá jókòó sórí gbòǹgbò ìyeyè, ó ń mí. "Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Látìgbà tí bàbá ẹ ti kú, ẹnikẹ́ni ò dẹ́rù bà á mọ́. Ó ti gbàgbé pé àdá wà láyé."

Gbogbo Òkè-Ìyeyè ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Igi tó bá ti dàgbà tí kò so dáadáa, wọ́n á lọ bá a láàárọ̀ kójò tó dé. Ẹnì kan á mú àdá, á fi ẹ̀yìn àdá, ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yìn àdá, gbá a nídìí, á ní òun máa bẹ́ ẹ lónìí. Ẹnì kejì á sáré jáde, á kúnlẹ̀, á ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi í sílẹ̀, mo dúró fún un, tí kò bá so lọ́dún yìí èmi ni kẹ́ ẹ wá mú. Ẹni tó mú àdá á kọ̀, onídùúró á tún bẹ̀ ẹ́, títí aládàá á fi kùn, á gbé àdá sílẹ̀, wọ́n á jọ lọ mu ẹ̀kọ. Igi á ti gbọ́ méjèèjì, pé ikú wà, pé ẹni tó fẹ́ràn òun náà wà. Wọ́n sì máa ń so lẹ́yìn ẹ̀. Bóyá ẹ̀rù ni o, bóyá gbígbá yẹn ló ń jí wọn, ẹ lọ bi igi.

"Ìwọ mú àdá bíi bàbá ẹ," Màmá ní. "Èmi á bẹ̀bẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe."

Ó dùn mọ́ Ọ̀nọ́rébù nínú. Ó ti ń wò ó lọ́kàn: agbádá funfun, àdá tó ń kọ mànà, kámẹ́rà. Àfi bó ṣe tún rí ìyá ẹ̀ nínú àwòrán náà, tó kúnlẹ̀, tó ń pè é ní Tìmó lójú gbogbo ayé, tó sì máa fi kún un, bó ṣe máa ń fi kún un, pé ẹ má dá a lóhùn jàre, ọmọ tí kò lè pa adìẹ Kérésì. Inú ẹ̀ bà jẹ́.

"Màmá, ojú yín yẹn ńkọ́? Mo ti ní kí Jímọ́ọ̀ gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà olójú ní Òmù-Àrán lọ́jọ́ Sátidé."

"Sátidé tá a fẹ́ ṣe àwúsá?"

"Dókítà ò ráyè lọ́jọ́ mìíràn."

Màmá wò ó. Ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa, àmọ́ kò fọ́ tó yẹn. "Ta ló máa wá bẹ̀bẹ̀?"

"Èèyàn pọ̀, Màmá. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn mi."

"Mi ò bi ọ́ nípa ìwọ. Àwúsá ni mo ní."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Láńre náà fẹ́ bi í léèrè ẹni tó máa bẹ̀bẹ̀. Ó la ẹnu. "Sà, ṣù…" Ó rántí òfin, ó gbé e mì, ó wúkọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó wá gbé àdá lọ bá alágbẹ̀dẹ ní Rore kó bá a pọ́n ọn, kó lè tàn nínú kámẹ́rà. Alágbẹ̀dẹ pọ́n ọn débi pé eṣinṣin kan bà lé e, ó fò dìde ní méjì.

Ọjọ́ Sátidé pé. Wọ́n ta kánópì, wọ́n gbé máìkì wá, Sheriff ayàwòrán gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ọ̀nọ́rébù dúró níwájú àwúsá, ó fọ ọ̀fun.

"Ìwọ àwúsá," ó ní, "mo kí ọ lórúkọ Alága. Mo kí ọ lórúkọ kọmití. Ìjọba ti ṣe tiẹ̀. Ìjọba kùn ọ́ lọ́dà. Ìjọba bọ́ ọ ní àpò kan gbáko, o pọ́n ewé sí ìjọba. Ǹjẹ́ ìwọ mọ ẹni tó ò ń pọ́n ewé sí? Mo ti dúró níwájú Alága, mi ò gbọ̀n. Mo ti jẹ oúnjẹ ní Ìlọrin níbi tí wọ́n ti ń fi fọ́ọ̀kì jẹ ẹ̀wà, mi ò gbọ̀n. Ìtàkùn ni ìwọ. Sùúrù ti tán. Màá bẹ́ ọ lulẹ̀ lónìí, báyìí báyìí."

Ó gbé àdá sókè. Ó dákẹ́, kí onídùúró lè jáde.

Àtẹ́wọ́ ló jáde.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Láńre ní lórí máìkì. "Ẹ bẹ́ ẹ, sà."

Ọ̀nọ́rébù rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó rò pé wọ́n ń fà á gùn kó lè dùn ni. "Mo ní màá bẹ́ ẹ o. Tẹ́nì kan bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kó sọ ọ́."

"A ò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu, sà," Hussainat ní. "Èyí tẹ́ ẹ sọ ti tó wa jẹ."

"Bóyá àánú ẹ̀ ń ṣe ẹnì kan."

"Àánú ò sí ńbí, sà. Ó ti pẹ́ tó ti ń rí ìjọba fín."

Lẹ́yìn pátápátá, Àlàájà Asisat, tó jẹ́ aládùúgbò Màmá Ọláìyá, dìde. "Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹnì kan gbọ́dọ̀…"

Kò parí ẹ̀. Àwọn kọmití méjì ti dì í mú jẹ́jẹ́, wọ́n ní ẹ má bínú, màmá, òfin ni, wọ́n mú un lọ sábẹ́ máńgòrò lódìkejì, wọ́n fún un ní pọ́fúpọ́ọ̀fù. Ọ̀nọ́rébù ń wò wọ́n. Inú ẹ̀ ń ké pe ìyá arúgbó náà bí ẹni tó ń rì ṣe ń ké pe ọlọ́kọ̀. Tó bá kàn sọ pé ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀, ó ti tán. Àmọ́ òfin ẹ̀ ti yí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà ń wò. Ó pa ẹnu dé.

"Sà," Sheriff ní, "ọwọ́ yín ti ń wálẹ̀. Ẹ gbé e sókè kí n lè rí àdá."

Apá ti ń ro ó. Àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin: Àṣẹ-má-yí ò, Àṣẹ-má-yí. Kò sí ìyà tó dà bíi kí wọ́n máa fi orin tìẹ tì ọ́ lọ síbi tí o ò fẹ́ lọ. Ó ní kóun kàn fi kàn án díẹ̀, bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Ó rántí pé ẹ̀yìn àdá ni bàbá òun máa ń lò. Ó tún rántí pé ẹ̀yìn àdá kì í tàn. Ojú àdá ló fi kàn án.

Ó gba inú àwúsá kọjá bí ìgbà téèyàn gé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń pọ́n wọn. Sheriff gbé ojú kúrò lára kámẹ́rà. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe. Mi ò rí i dáadáa."

Nírọ̀lẹ́, Màmá Ọláìyá dé pẹ̀lú awò tuntun. Ó ní ayé ti mọ́lẹ̀ o, òun rí ewúrẹ́ Asisat lókèèrè, òun tiẹ̀ rí i pé Jímọ́ọ̀ ti ń hu ewú. Ó ní kóun lọ wo àwúsá òun dáadáa, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ó fọwọ́ kan ibi tí àdá gbà. Omi ṣì ń sun níbẹ̀.

"Tìmó, ta ló bẹ̀bẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀bẹ̀, Màmá."

"Nínú gbogbo èrò yẹn."

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni sà."

Màmá bọ́ awò náà, ó fi í sínú páálí ẹ̀, ó wọlé. Kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ó ní èyí tóun rí ti tó òun.

Òjò dé. Láti orí òkè dé ilẹ̀, àwúsá ti gbẹ bí okùn àtijọ́, kò sí pò, pò kankan lórí ewé. Gbogbo ìgbà tí Alága bá béèrè, Ọ̀nọ́rébù á ní, "Ó ń gbọ́ràn, sà." Irọ́ kọ́ kúkú ni, òkú kì í ṣàìgbọràn. Nígbà tí wọ́n ní Kọmíṣọ́nnà ń bọ̀ lọ́la, ó pe Láńre.

"Àwúsá kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ká. Ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣà á," ó ní. "Ohun tó wà nílẹ̀ ni Kọmíṣọ́nnà máa rí. Ṣé ó yé ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Láàárọ̀, Láńre lọ sọ́jà Òmù-Àrán. Obìnrin alágbàdo kan ní àwúsá nínú ìkòkò, ooru ń sọ lórí ẹ̀. Láńre bi í pé ṣé kò sí tútù. Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀, ó ní ta ló bí ọ tó o fi ń jẹ àwúsá tútù. Kò sáyè àtiwá ibòmíràn kiri. Láńre ra gbogbo ẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó dà á sábẹ́ igi, ó fi òwú so ewé tútù mọ́ ìtàkùn gbígbẹ. Nígbà tó parí, mọ́tò àwọn àlejò ti ń wọlé.

Ó ṣe ni láàánú pé ọmọbìnrin Rore ni Kọmíṣọ́nnà, àwúsá ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹyọ kan. Ó gbé e láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, ó tún gbé e padà. Ó fi eyín pa á, ó dún kọ́.

"Ọ̀nọ́rébù, àwúsá yìí ti jinná."

Ọ̀nọ́rébù wo Láńre.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Láńre ní. "Ìtẹ̀síwájú ibẹ̀ nìyẹn, mà. Orí igi ló ti ń jinná."

"Ó gbóná."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jábọ́ ni, mà."

Kọmíṣọ́nnà jẹ ẹ́ díẹ̀. "Ó ní iyọ̀."

Òógùn bo Láńre. "Ajílẹ̀ tá a lò ni, mà."

Kọmíṣọ́nnà fọwọ́ fa ìtàkùn. Ewé, òwú àti ìtàkùn gbígbẹ wọ́ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n bo fìlà Alága mọ́lẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi ìyeyè mú, ọ̀dà funfun tí wọ́n tún kùn nítorí àlejò sì bo ọwọ́ ẹ̀. Ó ní òun ti rí àwúsá tó ń so, òun ti rí èyí tí kò so, àmọ́ èyí tó ń se ara ẹ̀, ibí yìí lòun ti kọ́kọ́ rí i. Ó wọ mọ́tò, ẹ̀rín ṣì ń gbọ̀n ọ́n.

Alága ò burú léèyàn. Ìtìjú ló mú un, ó sì fẹ́ fi ìbínú bò ó bí àgbà ṣe máa ń ṣe, kí ẹlòmíì wá bẹ òun kóun fi í sílẹ̀.

"Timothy," ó ní, "màá yọ ọ́ níṣẹ́ lónìí. Báyìí báyìí."

Ó wá dákẹ́.

Ọ̀nọ́rébù mọ ìdákẹ́ yẹn. Ó ti dúró nínú ẹ̀ rí, àdá wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wojú ọ̀tún, ó wojú òsì, ó ń wá ẹni tó máa kúnlẹ̀. Àṣé Alága náà ní àwọn èèyàn tiẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," wọ́n ní. "Ẹ yọ ọ́, sà."

Ohùn tó ròkè jù nínú wọn, ti Láńre ni. Ó ti kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Alága kí ẹnikẹ́ni tó rí ẹsẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Jímọ́ọ̀ ṣílẹ̀kùn mọ́tò Àṣẹ-má-yí, Láńre wọlé síbẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ọ̀gbẹlẹ̀ fẹ́ẹ̀ lọ. Tìmótì ti ń ṣílẹ̀kùn fúnra ẹ̀. Ó ṣòro díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń dúró níwájú ẹ̀ kó tó rántí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ìyá ẹ̀ pè é sẹ́yìnkùlé. Màmá ti wọ awò ẹ̀. Àdá àtijọ́ tí bàbá Tìmótì ń lò, tí ojú ẹ̀ ti kú dáadáa, ló wà lọ́wọ́ màmá. Níbi kùkùté àwúsá, ẹ̀ka tuntun kan ti yọ, kò nípọn ju ìka lọ, ó ti na ọwọ́ kan sára ìyeyè.

Màmá fi ẹ̀yìn àdá gbá kùkùté náà. "Ìwọ yìí," ó ní, "o ti mú kí n dá gbélé tó. Màá hú ọ lónìí."

Ó gbé àdá sókè, ó dúró.

Tìmótì wẹ̀yìn. Ó wo ẹ̀gbẹ́. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ àfi Àlàájà Asisat tó gbé àgbọ̀n lé ọgbà.

"Tìmó," Asisat ní, "ta lò ń wò?"

Ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ fi í sílẹ̀."

"Mi ò gbọ́. Ìwọ ta ni?"

Orúkọ gígùn yẹn gun ọ̀fun ẹ̀ wá, Ọ̀nọ́rébù ló ṣáájú. Ó gbé e mì. Ó korò bí omi ẹ̀yìn àwúsá.

"Tìmó ni."

"Kí lo ní tó o fi fẹ́ dúró fún un? O ò níṣẹ́. Orúkọ tó o ní, wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ní Arandun."

"Òótọ́ ni, Màmá. Mi ò ní nǹkan kan." Ó fọwọ́ bo ẹ̀ka kékeré náà bí ẹni bo àtùpà. "Ṣùgbọ́n mo dúró fún un."

Asisat fi ẹsẹ̀ jó díẹ̀ lódìkejì ọgbà. "Ó sọ ọ́ o. Ẹ gbọ́, ó sọ ọ́."

Màmá kùn, bó ṣe yẹ kí aládàá kùn. Ó gbé àdá sílẹ̀.

"Ó ti gbọ́," ó ní. "Dìde, lọ fọ orúnkún ẹ, ká mu ẹ̀kọ."